Aránbàtà Tó Gba Ìyìn Lọ́wọ́ Ọ̀tá

Ìyìn ló máa ń pa Ọwọ́wúrà bí ọtí. Òótọ́ ni, kò sí aránbàtà tó tó o nílùú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yin ẹlòmíì lójú rẹ̀, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwọn sójà ọ̀tá gba ìlú, òun náà wà lára àwọn tó ń bá wọn jà lábẹ́lẹ̀. Á la gìgísẹ̀ bàtà, á ki lẹ́tà bọ inú rẹ̀, á sì rán an pa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin á wá wọ̀ ọ́ kọjá lójú àwọn sójà lọ sódìkejì odò. Àwọn tí wọ́n jọ ń jà ti kìlọ̀ fún un pé kó rán an bíi ti ẹni tí ò mọṣẹ́. Ọwọ́wúrà kẹ̀? Òwú mẹ́ta tó máa ń lọ́ pọ̀ náà ló ń lò.

Ọwọ́ tẹ àbúrò rẹ̀ lórí afárá, wọ́n sì rí lẹ́tà nínú gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ń kiri lòun ti ra bàtà náà, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń múra àtifi í sílẹ̀. Ọ̀gá sójà kan kàn mú bàtà náà wọ ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́wúrà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn.

Ó ní, "Wọ́n ní olóògbé aránbàtà tó ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì nìkan ló lè rán irú èyí."

Òkú ò ṣeé mú. Kí Ọwọ́wúrà ṣáà ti dákẹ́, àbúrò rẹ̀ á sùn nílé. Àmọ́ ó gba bàtà náà, ó ní,

"Ọkùnrin yẹn? Kò lè rán an láyé ẹ̀. Ẹ wo òwú mẹ́ta. Ọwọ́ mi nìyẹn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé irọ́ ni àbúrò rẹ̀ pa nìyẹn, wọ́n sì yìnbọn pa á lọ́jọ́ kejì. Òun ńkọ́? Wọ́n ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò, ló bá ń rán bàtà fún wọn títí ogun fi parí. Ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ẹ̀sín ló kàn án.

Lẹ́yìn ogun, kò sẹ́ni tó gbé bàtà wá fún un mọ́, àfi ìyá rẹ̀. Bàtà àbúrò rẹ̀ tó kú ló gbé sórí tábìlì. Awọ rẹ̀ ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

Ìyá ní, "Òwú ẹ ò já, ọmọ mi. Iṣẹ́ ẹ dáa."

Ojú ti Ọwọ́wúrà. Kò lè gbórí sókè títí ìyá fi jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, kò burú kí ọwọ́ ẹni mọṣẹ́. Ẹnu tó ń wá ìyìn kiri ni ká kó níjàánu. Iṣẹ́ àṣírí ò lóníṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí i, ẹ̀mí ẹlòmíì ló fẹ́ fi san án.