Ẹnì Kejì

Iṣẹ́ olùtọ́jú kọ̀ǹpútà náà ni láti so èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn tó jìnnà síra pọ̀. Èsì kì í kúrò nílé ìwòsàn tó ni ín. Ìbéèrè ló ń rìnrìn àjò. Kọ̀ǹpútà ibí á béèrè, tọ̀hún á dáhùn. Orúkọ kì í sí nínú ìdáhùn, òfin sì ka bíbéèrè ẹbí aláìsàn sí èèwọ̀.

Nígbà tí ọwọ́ olùtọ́jú náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, dókítà ní òun kò rí irú àrùn náà rí.

"Ẹnìkan ṣoṣo ò lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Tí a bá rí ẹnì kejì, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn."

Olùtọ́jú náà fi ìbéèrè nípa àrùn náà ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń bá tiwọn sọ̀rọ̀, ó sì ń wọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yàrá iṣẹ́ náà tutù. Ariwo fáànù nìkan ló ń dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún un, máa ń pè é lórí fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi.

"Ọkọ kọ̀ǹpútà, ṣé wọn ò tíì bímọ fún ọ?"

"Wọ́n ti lóyún, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò kúkú wá kí wa mọ́."

"Iṣẹ́ ni." Nǹkan fọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ife ni, jàre. Ṣé ara rẹ le?"

"Ó le koko bí ọta. Tiyín ńkọ́?"

"Kò sóhun tó ń ṣe mí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìdáhùn dé láti ilé ìwòsàn kan lọ́nà jíjìn. Obìnrin ni ẹnì kejì náà, ó fi díẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ọwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ lára òun náà. Ó kà á, ó tún un kà. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì tì í lójú.

Ó bẹ àwọn tọ̀hún kí wọ́n fún obìnrin náà ní nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì, kí ó pè bí ó bá wù ú. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá àjèjì yìí sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Gbogbo ohun tí kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí àyà rẹ̀ má baà já, ni ó tò sílẹ̀ dè é.

Fóònù ọ́fíìsì dún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Ẹ káàsán, sà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "èmi lẹ ní kí wọ́n bá yín wá, ẹ má bínú pé mo pẹ́, mo ní àbúrò kan tí n ò fẹ́ kó gbọ́."