Fọ́tò Ilẹ̀kùn Pupa

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àfi tí ẹ bá kà á dé ìparí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni Cleophus Tubbs, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, àti Verlene aya rẹ̀, ní ìlú Toledo, ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́bọ̀ tí yìnyín bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún yìí ni ó ṣẹlẹ̀.

1.
Àgbà márùn-ún, àwọn Tubbs wà lára wọn, ló ń gbé àjà kẹta ilé kan. Gbogbo wọn ló ń fi káàdì oúnjẹ ìjọba jẹun. Káàdì yìí á ra búrẹ́dì, á ra ẹyin, ṣùgbọ́n kò ní san owó ẹni tó máa gbé e wá fún arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Ẹni tí orúnkún tirẹ̀ ṣì le ni.

Wọ́n wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nítorí bí ọjà bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, ilé ìtajà á gbé e wá lọ́fẹ̀ẹ́. Laquita Pruitt tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló ní fóònù tó dáa. Wọ́n sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì wọn fún un, ó sì ń bá wọn rajà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ń gbàdúrà fún un, wọ́n ń yìn ín. Ìyìn náà pa á bí ọtí.

2.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn, Dontrell, ọ̀rẹ́kùnrin Laquita, fẹ́ gba àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálejò láti wo bọ́ọ̀lù. Laquita fẹ́ kí wọ́n mọ òun sí ẹni ńlá. Ó fi káàdì àwọn Tubbs ra ẹran, ó ní òun á dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Ó yí àdírẹ́sì inú fóònù sí ilé Dontrell, ní òdìkejì odò Maumee. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n yìn ín.

Kò rántí yí àdírẹ́sì padà.

3.
Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì ò rìn mọ́, fíríìjì àwọn àgbà sì ti ṣófo. Laquita rajà bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún pé ọjà ti délé.

"Ó ti dé o!" Orí àtẹ̀gùn ló ti pariwo, kò tíì wo fọ́tò tí dírẹ́bà tó ń gbé ọjà wá máa ń yà láti fi ibi tó gbé e sí hàn.

Cleophus kì í gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ àfi tí oúnjẹ bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹni tó bá gún un tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi ikú. Bó ṣe gbọ́ ariwo yẹn, ó gún un. Ó ní, "Verlene, gbé ìkòkò kaná, kí n tó gé ọ jẹ." Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Laquita ṣílẹ̀kùn ìta. Yìnyín nìkan ló bá. Ó wá ṣí fọ́tò náà. Àwọn àpò tò síwájú ilẹ̀kùn pupa. Ilẹ̀kùn tiwọn, àwọ̀ ewé ni. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ẹni tó ni ilẹ̀kùn pupa yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ: mo ṣìṣe. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó ń yìn ín ni wọ́n máa gbọ́ ọ. Ló bá gòkè lọ, ó ní dírẹ́bà ló ṣìnà, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó dé.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ó ní ó tún ku mẹ́wàá. Òógùn ti ń bo Cleophus. Mísì Verlene dìde láti lọ tọrọ ohun dídùn lọ́dọ̀ Hobart, aládùúgbò wọn. Laquita dá a dúró.

"Màmá, ẹ jókòó. Kí lẹ fẹ́ lọ máa tọrọ, nígbà tí oúnjẹ yín ti wà lọ́nà?"

Ìyá náà jókòó. Ó gbà á gbọ́.

Laquita sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pe Dontrell. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tó pè ni Dontrell tó gbé e.

"Olólùfẹ́, oúnjẹ tún ti dé! O ṣeun o. A ti ń dín ẹyin ẹ̀ báyìí."

Lókè, Cleophus ti ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe ìyàwó rẹ̀. Ìgbà náà ni Verlene figbe ta. Hobart tiro dé pẹ̀lú súìtì inú àpò kóòtù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Cleophus ò lè mú un mọ́. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn há sínú yìnyín.

4.
Cleophus wà láàyè. Kò mọ orúkọ aya rẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó káàdì sọ pé nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó tọ́ ni wọ́n tẹ̀, nítorí náà àwọn ò ní dá owó kankan padà. Dírẹ́bà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, torí Laquita takú pé dírẹ́bà ló jí ọjà gbé.

Ìwọ tí àwọn àgbà fi oúnjẹ wọn sí níkàáwọ́, má fi ẹnu wọn ra iyì fún ara rẹ. Bó o bá ṣìṣe, tètè sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ lè yọ òdòdó, kì í so èso.

Ní àràárọ̀ ni Mísì Verlene ń di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú, á rọra sọ̀ kalẹ̀, á sì kan ilẹ̀kùn Laquita. Kì í bú u.

"Laquita, fi fọ́tò yẹn hàn mí."

Ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Laquita nínú ilé. Ilẹ̀kùn ò ṣí.