Ọ̀nà Tí Fóònù Júwe

Inú ti ń bí Títílọpẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Mórounkẹ́jì, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tuntun lẹ́yìn ìlú Ìlọ́ràá ni, ó sì pè é lójijì pé kó wá bá òun jẹun alẹ́. Kò júwe ọ̀nà fún un. Ohun tó sọ kò ju pé, "Fóònù á mú ẹ dé ibí."

Fóònù mú un kúrò lójú ọ̀dà, ó ní kó yà sí ọ̀nà oko, ó tún ní kó yà. Koríko ń ha ara mọ́tò. Títílọpẹ́ ṣàkíyèsí pé òun ò gbọ́ ìró kòkòrò kankan mọ́. Nígbà tó yá, fóònù ní, "O ti dé." Pápá gbalasa ni. Kò sí ilé kankan níbẹ̀.

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì jágbe mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Èwo ni ilé níbí? Ẹnu ń dùn ẹ́ ni, tí o ò fi lè júwe ọ̀nà?"

Mórounkẹ́jì dá a lóhùn pé, "Títí, eré wo nìyí? O ti dé tipẹ́. O wà ní kíṣìnì níbí, ò ń bá mi gé ẹ̀fọ́."

Títílọpẹ́ figbe ta. "Kẹ́jì, èmi kọ́ nìyẹn! Sáré jáde!"

Ìró ọ̀bẹ tó ń dún lẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ẹnìkan gba fóònù náà. Ohùn Títílọpẹ́ gan-an ló jáde, ìbínú inú ohùn náà sì ju ti Títílọpẹ́ fúnra rẹ̀ lọ:

"Ta ló ń fi ohùn mi pe Kẹ́jì?"