Ìkòkò Ẹ̀wà

Ìyá náà fi fóònù ti igbá iṣu kó lè rí ojú ọmọ rẹ̀ dáadáa, ó sì ń bẹ iṣu lọ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìlúpéjú-Èkìtì.

"Moyinolúwa, ṣé wọ́n ti ń rán ọ níṣẹ́ nínú ulé ọ̀hún?"

"Rárá o, Màmi. Bí mo bá gbé abọ́, ìyá onílé á gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní àlejò ni mí. Lónìí, ńṣe ni mo yọ́ gbé ẹ̀wà kaná kó tó jí."

Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti lọ kọ́ èdè Sípáníìṣì ní Mẹ́síkò, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé níbẹ̀ láìgbowó, ohun tó ń já ìyá rẹ̀ láyà nìyí. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́, ta ni yóò dìde sí i bí ibà bá dé?

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bọ̀ nílé."

"Màmi, ẹ̀kọ́ mi ò tíì parí."

Ohùn obìnrin kan ta sí wọn láàárín ní èdè Sípáníìṣì, ó le koko. Moyinolúwa dorí kodò.

"Kí ló wí?"

"Ìyá onílé ni. Ẹ̀wà ti jó. Ó ní kí n sọ fóònù sílẹ̀ kí n wá ha ìkòkò. Ó ní òun ò bí ọ̀lẹ."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lo tún ń wò mí sí? Lọ ha ìkòkò ìyá rẹ."