Láoyè Mo-ti-mọ̀ Fi Epo Pupa Sí Bíréèkì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi yìí ti tẹ ilẹ̀ láti Ìbàdàn dé Kùmásì, kò dẹ̀ sí irú olóríkunkun tí mi ò tíì rí, ṣùgbọ́n ti Láoyè ará Ìmẹ̀sí, ìlú orí òkè, ó yàtọ̀. Láoyè kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í jalè. Àléébù ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kò sí ohun tẹ́ ẹ lè sọ fún un tí kò ní í fèsì pé, "Mo ti mọ̀." Ẹ ní òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Ẹ ní ṣòkòtò ẹ̀ ya lẹ́yìn, ó ti mọ̀. Ni ìlú bá sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Ó ní ọkọ̀ kan tó dàgbà ju ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ lọ. Ojúọlápé lorúkọ ọmọ náà. Bàbá ọmọ sọ fún Láoyè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Òkukù ló ń fọmọ fọ́kọ nínú ẹbí wa. Gbé wa lọ bá a ní Sátidé. Ohun tó bá sọ, abẹ gé e."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń wọ́ bí ẹni tí wọ́n so òkúta mọ́ lẹ́sẹ̀. Táyà ẹ̀yìn kan ń gbóná. Mufútáù mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kálípà ẹ̀yìn ló há. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ó ń di táyà mú, kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Irin tó ń yọ̀ lé lórí ti pẹtà. Ẹ jẹ́ n tú u, kí n ha á, kí n fi gíríìsì tí ooru kì í yọ́ sí i."

"Mo ti mọ̀," ni Láoyè wí.

"Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀, kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Láoyè bínú wakọ̀ lọ sílé. Ó fi jáàkì gbé e, ó tú táyà, ó tú kálípà. Ó ha ìpẹtà yẹn dáadáa o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ojúọlápé ń kọjá lọ, ó rí i tó ń fi ọwọ́ bu epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì.

"Bọ̀ọ̀dá Láoyè, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè fún ọkọ̀ ni?"

"Epo pupa ni ẹ̀rọ̀. Ohun tó bá le, epo á rọ̀ ọ́. Òun ni bàbá mi àgbà ń fi sí kẹ̀kẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ bàbá yín àgbà kì í gbóná bí ààrò. Ẹ bi Mufútáù."

"Mo ti mọ̀!"

Sátidé pé. Bàbá wọ agbádá funfun, ó jókòó níwájú. Ojúọlápé wà lẹ́yìn. Láoyè gbé kẹ́ẹ̀gì epo yẹn sí búùtù, ó ní òun á fi ta ẹ̀gbọ́n bàbá lọ́rẹ. Ọkọ̀ kọ́kọ́ ń yọ̀ lọ, Láoyè ń fi ìka lu sítárìn. Àfi ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tó ń tẹ bíréèkì, tó tún ń tẹ̀ ẹ́.

"Láoyè," ni bàbá wí, "ta ló ń dín nǹkan?"

"Mo ti mọ̀, sà. Abúlé yẹn ni."

Wọ́n kọjá abúlé, òórùn ò kọjá. Obìnrin kan pariwo létí ọ̀nà pé, "Alákàrà, ẹ dúró, ẹ tà fún wa!" Ajá bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ lé wọn. Èéfín bá yọ. Táyà dì gbọin, ọkọ̀ ò lọ mọ́.

Bàbá bọ́ agbádá, ó ń bá ẹni tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ ti ọkọ̀. Ọkọ̀ ò mira. Ajá kan lá táyà, ó gbóná fún un, ó ké, ó tún padà wá lá a. Láoyè ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ lọ́kàn ara ẹ̀ pé ìyàwó ń lọ o.

Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé wọn dé Òkukù, tàwọn ti kẹ́ẹ̀gì epo. Ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá, ti ń retí wọn látàárọ̀. Láoyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èèpo ẹ̀gẹ́ wà lórí ẹ̀.

"Ìwọ tí wọ́n ní o lọ́kọ̀, kí ló ṣe ọkọ̀ ẹ?"

Ojúọlápé dijú. Bàbá wú ikọ́. Gbogbo wọn mọ ohun tó fẹ́ tẹnu ẹ̀ jáde.

Láoyè ní, "Mi ò mọ̀, mà. Mẹkáníìkì mọ̀, ó sọ fún mi. Ọmọ yín mọ̀, ó sọ fún mi. Èmi ni mi ò mọ̀, tí mo dẹ̀ ń pariwo pé mo mọ̀."

Ojúọlápé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ó sọ ọ́!"

Ìyá àgbà wo kẹ́ẹ̀gì. "Gbé epo yẹn lọ sílé ìdáná, ibẹ̀ niṣẹ́ ẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tó o bá gbé ọkọ̀ tí mẹkáníìkì tún ṣe wá síbí, màá fọmọ fún ẹ."

Nígbà tí Láoyè fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọkọ̀ ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Mufútáù, epo pupa ti jẹ́ kí rọ́bà inú kálípà wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Mufútáù ò mú sípánà títí tí Láoyè fi sọ "mi ò mọ̀" lójú gbogbo mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tuntun àti gíríìsì gidi sí i. Ọkọ̀ yẹn náà ló gbé ìyàwó wálé.

Ẹ̀yin ọmọ, "mi ò mọ̀" kì í ya ẹnu. Ẹni tó bá ti mọ gbogbo nǹkan tán, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ ní nǹkan kan, títí ọ̀nà á fi kọ́ ọ. Mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán, ni kò jẹ́ kí agbọ́n lóró bí oyin.