Òdòdó Tí Jídé Fi Wá Oníbàárà

Mo búra, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi yìí ti rin ọ̀nà tó burú ju kí n máa purọ́ nítorí òdòdó lọ. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bèèrè ní Ṣàpọ́n.

Baba Ọlálẹ́yẹ ni oníṣẹ́ igi tí à ń wí, Jídé ọmọ rẹ̀ sì ni igbá-kejì rẹ̀. Igi tó gbẹ dénú ni Baba ń lò. Fáníìṣì rẹ̀ ń dán bíi dígí, inú iṣẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ọlọ́lá lọ. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é, kò sí ẹnì kan tó lò ó tó padà wá rojọ́ rí. Síbẹ̀, ọjà ò tà. Ti òkè òkun ni àwọn èèyàn ń lọ rà ní Èkó.

Lọ́jọ́ kan Baba pè é. "Jídé, gbọ́ o. Bí a kò bá rí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo bá dòwò pọ̀ kí ọdún Àjíǹde tó dé, mo máa ta ṣọ́ọ̀bù yìí fún Síkírù, kó máa ta fóònù níbẹ̀."

Jídé kò mọ iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Bó bá pàdé èèyàn, ojú rẹ̀ á ti rìn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó kí i. Ó wọ mọ́tò lọ sí ìpàdé àwọn oníṣòwò ní Èkó, níbi tí ọkùnrin oníkóòtù kan ti sọ fún wọn pé òdòdó ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra báyìí. "Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá nílò yín," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí òdòdó ṣáájú."

Nígbà tí Jídé sọ ọ́ nílé, Baba wò ó títí.

"Òdòdó? Ṣé wọ́n ń sè é ni?"

Mojí àbúrò rẹ̀, tó ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú iṣẹ́ náà, bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, Abẹ́òkúta níbí? Ta ni wọ́n ń fún ní òdòdó níbí bí kò ṣe òkú? Ẹ lọ wo itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ayé ti lajú, Mojí. Ìwọ ṣáà máa rán aṣọ ẹ."

Jídé lọ sí Alábàtà, ó ra òdòdó pupa àti funfun lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbìn ín. Ó tẹ káàdì: "À ń rántí yín. Ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣetán, a wà níbí." Orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn hàn gàdàgbà nísàlẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ iṣẹ́, èyí tó gùn dáadáa, kí òdòdó má baà rún. Lójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un. Bàbá arúgbó kan tilẹ̀ ṣí fìlà. Inú Jídé dùn pé àwọn Ẹ̀gbá mọyì òdòdó tó báyìí.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ló kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, fi ẹ̀rín gba òdòdó. Ó ka káàdì. Ẹ̀rín tán.

"Ta ló fún yín lórúkọ mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Àwa fúnra wa la ń ro tiyín." Ojú Jídé ti dé bàtà ọkùnrin náà. "Ẹ mà ga o, sà. Ṣé ẹ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà?"

Theophilus jókòó kíá.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. A ní ti ẹni gíga."

"Gbé e jáde! Mo ní kó o gbé e jáde, lórúkọ Jésù!"

Akọ̀wé rẹ̀ ti wà nínú Sáàmù, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Òdòdó kejì, ilé ìwòsàn Dókítà Lois ní Ìjẹmọ̀ ló gbé e lọ. Dókítà kò sí níbẹ̀. Jídé gbé e sórí tábìlì níwájú wọ́ọ̀dù, ó kọ ojú káàdì sí àwọn aláìsàn kí wọ́n lè rí i kà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sẹ́ni tó pè é. Ọdún Àjíǹde ku fẹ́ẹ́fẹ́. Síkírù ti wá yá téèpù ọrùn Jídé, ó ń fi wọn ibi tí yóò to fóònù sí, nígbà tí fóònù Jídé dún.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbé òdòdó sí ọ́síbítù mi?" Dókítà Lois ni.

"Àwa ni, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti oṣù tó kọjá, ó ní òun ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó ka káàdì yín, ó bọ́ sílẹ̀, kò dúró títí ó fi dé Ṣàpọ́n. Gbogbo wọ́ọ̀dù ló ní ara àwọn ti yá."

"Òdòdó máa ń wo àìsàn, mà. Wọ́n sọ fún wa ní Èkó."

"Lọ́rọ̀ kan ṣá, a nílò ẹni tá a lè máa pè. Ẹ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè ká jọ fọwọ́ síwèé. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iwájú mọ́."

Jídé já téèpù rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Síkírù. "Baba! Wọ́n ti gbà wá!"

"Kí ni dókítà wí gan-an?"

Kó tó dáhùn, Baba ti ní kí Mojí mú àkísà wá, kó nu eruku kúrò lára pátákó tó wà lókè ìlẹ̀kùn, ỌLÁLẸ́YẸ ÀTI ỌMỌ, ONÍPÓSÍ: ẸNI GÍGA, ẸNI KÚKÚRÚ, GBOGBO ÌWỌ̀N WÀ, Jídé sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ó tún ọ̀rọ̀ dókítà sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iwájú mọ́."