Abẹ́ Ibùsùn

"Oyèkànmí, sún ibùsùn yẹn sẹ́yìn," ni ìyá àgbà aránṣọ kan sọ. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí sì ti ń gbé ẹja wá fún un láràárọ̀ láti ìgbà tó ti gbọ́ pé yóò fi ilé rẹ̀ ní àdúgbò Houinmè sílẹ̀ fún ẹnì kan.

Aránṣọ náà mú ẹfun tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀.

"Ibí lẹ máa sin mí sí. Ẹni tó bá jogún ilé ni yóò máa sùn lórí mi."

Oyèkànmí yára gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìlà. "Ìyá, kọ̀máńdáǹ òyìnbó ní ká má sìnkú sílé mọ́."

"Ṣé òun ló máa wá hú mi ni?"

Oyèkànmí ti dé ìta. Fáyọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ wá, kò kúrò lójú kan.

"Ìyá, ṣé ẹ máa ń hanrun?"

"Wọ́n ń gbọ́ mi dé ilé kejì."

"Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, màá fẹsẹ̀ janlẹ̀."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú kọ́kọ́rọ́ ilé kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó fi lé Fáyọ̀kẹ́ lọ́wọ́.

"Ìyá, èmi ńkọ́?" ni Oyèkànmí ké láti ìta.

"Tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyàwó ẹ."